Obìnrin ni mí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní "ọkọ mi". Ṣé ó ṣi ọ̀rọ̀ lò ni?

Àbíkẹ́yìn Ilé:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan fẹ́ẹ̀ dìjà níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ bá wa dá sí i.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ bà á." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé obìnrin ń fẹ́ obìnrin ni? Ó ní ọkùnrin tó san owó orí nìkan ni ọkọ, ẹni tó bá ń pe obìnrin bẹ́ẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá. Ojú ti ìyàwó wa, ó dákẹ́.

Ó dùn mí gan-an. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí orí rẹ̀ ti ń funfun báyìí, kò pe orúkọ mi rí. Mo ti ń rìn kiri ilé kí wọ́n tó gbé e wọlé. Eyínfúnjowó ló sọ mí. Bí kò bá pè mí bẹ́ẹ̀, á ní "ọkọ mi". Ṣé òun náà ò gbọ́ Yorùbá ni? Kí ni ọkọ túmọ̀ sí gan-an?

Akọ́mọlédè:
Ẹni tó fẹ́ni ni ọkọ, òótọ́ ni. Ẹni tí ìyàwó bá nílé náà, ọkọ ni. Gbogbo ọmọ tí a bí sínú agboolé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọkọ ni wọ́n fún ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni wọ́n fi ń ka àgbà rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 3 tó ti wà nílé kó tó dé, ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìdí tí àwọn ìyàwó fi ń wá orúkọ míì fún ọmọ ọkọ nìyẹn: Ìbàdíàrán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tó ti dé, ó lè pe ìyẹn lórúkọ.

Ọmọ Èkó:
Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni méjì péré ni ìwé ìgbéyàwó kóòtù ń so pọ̀, ọkọ kan, ìyàwó kan. Bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní ọkọ mi níbi iṣẹ́, ẹnu á kùn mí. "Àǹtí ọkọ mi" ni mo ń sọ. Kí n tún sọ tinú mi: orúkọ "ọkọ" yìí ni àwọn kan fi ń rán ìyàwó níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ mi ń kó aṣọ ìdọ̀tí fún mi pé kí n fọ̀.

Àbíkẹ́yìn Ilé:
Ẹ ṣeun, mà. Ìwà yẹn burú, mi ò ní gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n "àǹtí ọkọ mi" gba ara ẹ̀gbọ́n mi kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Ọkọ mi" so èmi àti ìyàwó wa pọ̀ tààrà. Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ síra wọn, èmi ló wá bá: "Ọkọ mi, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ. Orúkọ tó ń pè mí kò jẹ́ kí n lè sọ pé kò kàn mí.

Ọmọ Onílù:
Ẹ wo "ìyàwó" náà. Ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òṣù lé lórí fún Ṣàngó, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ inú awo rẹ̀, ìyàwó Ṣàngó ni, á sì dirun bí obìnrin. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ìyàwó. Nínú agboolé, ẹni tó wọlé ṣáájú ni ìyálé ẹni tó dé tẹ̀ lé e, kódà bí ọkọ wọn kì í bá ṣe ẹnì kan náà. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ló wà níbẹ̀ látilẹ̀.

Ọmọ Èkó:
Ti ìyálé yẹn, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é nílé ọkọ mi títí dòní. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìyálé mi ni mo ń pè é. Nílé, mo gbà. Níbi iṣẹ́, "àǹtí" ni mo máa sọ.