Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Zanzibar, ọjọ́ mẹ́wàá, ẹranko ni a fẹ́ rí

ÌyáÌbejì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi, bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń lọ sí Zanzibar ní oṣù kẹjọ. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má darí mi sí Dubai. Gbogbo fídíò tí mo ń rí, àwọn tó nà gbalaja sí etí òkun pẹ̀lú ife lọ́wọ́ ni. Ìyẹn kò kàn wá. Ẹranko ni àwọn ọmọ yìí fẹ́ rí: ọ̀bọ, ìjàpá ńlá, dọ́fíìnì, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń mí. Wàhálà kan ni pé bàbá wọn kì í ṣe òmùwẹ̀. Bí omi bá ti dé orúnkún rẹ̀, àdúrà ló kù. Ibo ni kí a yà, ibo ni kí a fò?

Alárìnká
Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì lẹ tún ń béèrè ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ yà? Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi! Ilé ẹdun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ìyẹn igbó Jozani, nǹkan bíi kìlómítà 35 sí Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ní olú ìlú Zanzibar.

Ẹdun ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, irun funfun yí ojú rẹ̀ ká bí bàbá àgbà tó ti pẹ́ tó rí onígbàjámọ̀. Kò ní àtàǹpàkò. Ìka mẹ́rin ló fi ń di ẹ̀ka mú. Àwọn erékùṣù Zanzibar nìkan ló ti wà nínú gbogbo ayé. Ewé àti èso tí kò tíì pọ́n ló ń jẹ, ó sì fẹ́ràn ewé máńgòrò àti ewé fúrúùtù tí àwọn àgbẹ̀ gbìn. Ewé wọ̀nyí ní oró díẹ̀ nínú, wọ́n máa ń da inú rú. Ẹ mọ ohun tí ẹdun ń lò sí i? Èédú! Wọ́n á lọ síbi tí wọ́n ti dáná sun igi, wọ́n á mú èédú, wọ́n á jókòó máa rún un wómúwómú. Èédú náà ló ń fa oró yẹn mọ́ra nínú ikùn. Èmi fi ojú mi rí ọ̀kan tó mú un dání bí ẹni ń jẹ àkàrà.

Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ kò fẹ́ràn wọn rárá. Kima punju ni wọ́n ń pè wọ́n ní èdè Swahili, ọ̀bọ olóró, torí wọ́n gbà pé igi tí ẹdun bá ti jẹ yóò kú. Ní báyìí, àwọn abúlé náà ń rí tiwọn nínú owó tí àlejò ń san, ojú tí wọ́n fi ń wò ó sì ti yàtọ̀.

Ẹ débẹ̀ ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń sinmi ni. Ẹ má fún wọn ní bisikíìtì, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe sì dúró lẹ́yìn, torí àìsàn wa lè ràn wọ́n. Àwọn tó wà lẹ́bàá títì kò sá fún èèyàn mọ́, ọkọ̀ sì pa wọ́n púpọ̀ kí wọ́n tó ṣe bọ́ǹpù sójú ọ̀nà.

Bàbá ìbejì náà ní ìpín. Wọ́n tẹ́ pákó gba inú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, kọjá níbẹ̀. Yóò rí akàn àti ẹja wẹẹrẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní bọ́ bàtà.

ỌmọBadagry
Ti ìjàpá ni tèmi. Changuu ni kí ẹ lọ, òun ni wọ́n ń pè ní Prison Island. Láti Stone Town, ọkọ̀ ojú omi kò gba ju bí ìdajì wákàtí lọ, kí bàbá wọn gba ẹ̀wù ààbò kó sì di ọkọ̀ mú. Gómìnà Seychelles ló fi ìjàpá mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ ní 1919, àwọn ọmọ wọn ló sì ń rìn káàkiri níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọjọ́ orí sí ẹ̀yìn wọn. Àwọn kan ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Bí ẹ bá họ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á nà án sókè tìgbádùn-tìgbádùn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gùn wọ́n. Ọmọ mi obìnrin dúró níwájú èyí tó tóbi jù, ó ní, “Yánníbo ńkọ́?”

Wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ ní 1893 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń sé àwọn arìnrìn-àjò mọ́ nítorí ibà pọ́njú ló padà dà. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò.

AbẹOmi
Ẹ fò dọ́fíìnì Kizimkazi, abúlé apẹja tó wà ní gúúsù, mà. Mo lọ ní 2022. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a gbéra, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí a dé ojú agbami, ọkọ̀ mọ́kànlá ni mo kà tó ń lé dọ́fíìnì mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀yìn báyìí, gbogbo ẹ́ńjìnnì á bú, ọlọ́kọ̀ á pariwo pé “Ẹ bẹ́! Ẹ bẹ́!”, a ó bẹ́ sómi, wọ́n á ti rì lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jókòó sínú ọkọ̀, ojú ń tì mí. Ẹranko tó fẹ́ sinmi, tó fẹ́ fún ọmọ lọ́mú, a kò jẹ́ kó gbádùn.

Alárìnká
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọlọ́kọ̀ kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n tó sanwó ni mo ti sọ fún tèmi pé a kò ní wọ omi, kó sì pa ẹ́ńjìnnì lókèèrè. Àwọn dọ́fíìnì fúnra wọn ló wá bá wa. Lọ́jọ́ kejì, a ò rí ìrù kan ṣoṣo, mi ò sì bínú. Oṣù kẹjọ yín sì bọ́ sí àsìkò tí àbùùbùtán ń gba ibẹ̀ kọjá.

AbẹOmi
Orí yín ló bá yín ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò tún lọ mọ́. Bí owó bá wà, erékùṣù kékeré Chumbe ló dára jù. Láti 1994 ni wọ́n ti dáàbò bo omi ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja, ẹja aláràbarà sì pọ̀ níbẹ̀. Lóru, akàn àgbọn á jáde láti inú ihò, ó tóbi débi pé ó lè fi ọwọ́ ya èèpo àgbọn. Àwọn èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ tètè kọ orúkọ sílẹ̀.

OlóúnjẹÌbàdàn
Akàn tó ń ya àgbọn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sè é? Ẹ kú sùúrù.

Nọ́ọ̀sìÀbẹ̀kẹ́
Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹrù. Wọn kò gba náílọ́ọ̀nù ní Tanzania. Mo mọ̀ wá, gbogbo ohun tí a bá dì ni a ń fi náílọ́ọ̀nù wé, títí kan bàtà. Ẹ lo àpò aṣọ. Láti oṣù kẹwàá 2024, àlejò gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì Zanzibar, dọ́là 44 ni ti àgbàlagbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á kí ẹ tó gbéra.

Ẹ ra bàtà rọ́bà fún ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Nǹkan dúdú kan wà nísàlẹ̀ omi tó dà bí òòrẹ̀ kékeré, ẹ̀gún rẹ̀ wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, n kò lè rìn fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá dé sí apá ìlà-oòrùn, ní Paje tàbí Jambiani, òkun máa ń fà sẹ́yìn jìnnà, yóò ku iyanrìn àti àwọn obìnrin tó ń kó ewé òkun tí wọ́n gbìn. Ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni kí àwọn ọmọ jáde, ìràwọ̀ òkun àti akàn wẹẹrẹ ló ń kù sílẹ̀. Kí ẹ bo èjìká ní ìgboro, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

“Pole pole” ni wọ́n máa wí fún yín látàárọ̀ dalẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ló túmọ̀ sí, ẹ fetí sí i dáadáa.

ỌmọOdídẹrẹ́
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Pemba, erékùṣù ńlá kejì ní Zanzibar? Àdán ibẹ̀ nà ju mítà kan àbọ̀ lọ bó bá na ìyẹ́ méjèèjì. Wọ́n pa wọ́n jẹ títí tí wọ́n fi fẹ́ tán ní nǹkan bíi 1989. Nígbà tí àwọn ará abúlé dá ọdẹ dúró, wọ́n tún ti pọ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní Kidike, ẹ ó rí wọn tí wọ́n so rọ̀ lórí igi lọ́sàn-án bí ìgbà tí èèyàn sá aṣọ. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbé ojú sí ìtòsí. Príncipe ni mò ń sọ, erékùṣù kékeré tó jẹ́ ti São Tomé. Odídẹrẹ́ ló ń pariwo lórí igi ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lọ́wọ̀ọ̀wọ́! Mo ti dàgbà kí n tó rí odídẹrẹ́ tí kò sí nínú àgò. A ń fi ikóódẹ ṣe ọba lọ́ṣọ̀ọ́, ẹyẹ tó ni ín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó wa. Ẹ kọ́ Potogí díẹ̀ kí ẹ tó lọ.

ÌyáÌbejì
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Jozani ni ọjọ́ kìíní. Changuu tẹ̀ lé e. Chumbe, owó rẹ̀ ga, a ó lọ ní ọ̀sán kan láì sùn. Mo ti fò dọ́fíìnì, bàbá wọn sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ AbẹOmi. Pemba á dúró de ìgbà mìíràn. ỌmọOdídẹrẹ́, ẹ ti dá mi lọ́kàn rú.

ÌyáÌbejì
A ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní Jozani, mo ki àwọn ọmọ mi tán, mo sọ fún wọn pé àwọn ìbátan wọn rèé. Táyé ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn òyìnbó. Kẹ́hìndé ni kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ mọ́ra lórí igi fúrúùtù, òun náà jókòó sílẹ̀ ó ń wò wọ́n. Amọ̀nà dúró tì í, kò sọ̀rọ̀. A ò rí èyí tó ń jẹ èédú, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn wọ́n di òní.

Bàbá wọn rin pákó inú ẹ̀gbà yẹn lọ, ó rìn ín bọ̀, ó tún lọ. Ní Chumbe, ó wọ omi dé ìdí. Mo ní fọ́tò rẹ̀.

Bàtà rọ́bà mẹ́rin wà nílé tí a kò lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá ń lọ, kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.