Tíṣà tó tún gboyè yunifásítì, ìbò mélòó ló ní?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní Íńdíà, ìpínlẹ̀ 6 péré ló ní ilé aṣòfin àgbà tiwọn, Vidhan Parishad. Ti Uttar Pradesh ní ọmọ ilé 100. Àwọn tó ti gboyè yunifásítì láti ọdún 3 ló ń yan ìdá kan nínú 12 wọn. Àwọn olùkọ́ ń yan ìdá kan nínú 12 mìíràn, ṣùgbọ́n wọn ò ka tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún un. (Ìyẹn dùn mí díẹ̀, iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe nìyẹn.) Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà girama tó tún gboyè yunifásítì ńkọ́? Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa dìbò ni, àbí wọ́n á ní kó mú ọ̀kan? Ẹni tó bá ti gbé Lucknow, olú ìlú Uttar Pradesh, rí, ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀.