Oòrùn ń ta bí iná, bátìrì sólà mi ò yó, ẹ gbà mí o (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá Ìbejì Aránṣọ:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa sólà, ẹ jọ̀ọ́, kó bá mi dá sí i. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, aṣọ ni mò ń rán. Oṣù Kejìlá tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo kó èésú tí mo fi ṣe sólà torí pé àìsí iná ti fẹ́ sọ mí di ẹni tó ń fi àtùpà rán aṣọ ẹbí. Páńẹ́lì méjì ni, 300 watt 300 watt, orí páànù ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé e sí. Bátìrì olómi méjì 200Ah tí wọ́n so pọ̀ di 24 fólítì, ínfátà, àti kọntírólà (èyí tó ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì) kékeré aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n kọ 30A sí lára. Ohun tí mò ń lò ò ju fáànù méjì, gílóòbù mẹ́rin, maṣínnì oníná kan àti tẹlifíṣọ̀n táwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ, kẹ́nikẹ́ni má bi mí ìyẹn.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń gbé mi di àárọ̀. Ní báyìí tó bá ti di ago mẹ́jọ alẹ́, ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ohun tó tún wá rú mi lójú ni pé ọ̀sán gangan, nígbà tí páànù gbóná débi pé ológbò ò lè tẹ̀ ẹ́, iná tó ń wọlé ò pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ! Ẹni tó bá mi ṣe é ò gbé ìpè mi mọ́, ìyàwó ẹ̀ ló máa ń gbé e, á ní ó ti lọ sóko. Ṣé kí n lọ ra bátìrì míì ni?

Àkàndé Ọ̀yọ́:
Àǹtí, bátìrì olómi yẹn ti kú nìyẹn. Ẹ tà á fáwọn tó ń ra bátìrì kíkú kẹ́ ẹ gbé bátìrì lithium. Èmi tí mo ti gbé e l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, mi ò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Bàbá Wáyà:
Àkàndé, rọra o, owó olówó lò ń ná yẹn. Bátìrì tí ò jẹun yó lo ní ó ti kú, tó o bá gbé lithium síbẹ̀, ebi náà ló máa pa á.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wá ẹni tó ní mítà tó máa ń fi ẹnu gbá wáyà mú bí àkàn. Kó wo amp tó ń wọ bátìrì lágo mẹ́wàá àárọ̀, ago kan ọ̀sán àti ago mẹ́ta àbọ̀. Ní ago mẹ́ta àbọ̀ yẹn kó wo wáyà páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, kó gun òkè, kó má jókòó nísàlẹ̀ kó máa méfò. Ẹ bá mi ka Vmp (fólítì páńẹ́lì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa) àti Voc (fólítì ẹ̀ nígbà tí wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan) tó wà lẹ́yìn páńẹ́lì, kẹ́ ẹ sì sọ bí wáyà ṣe gùn tó láti òrùlé dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí ìdérí bátìrì wò bóyá omi ṣì bo irin inú ẹ̀, tó bá ti fà, omi bátìrì (distilled water, kì í ṣe ásíìdì) tí wọ́n ń tà nínú ike ni kẹ́ ẹ bù sí i, ẹ má bu píọ̀ wọ́tà, ẹ má bu omi kànga.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ:
Ẹ ṣeun bàbá. Àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ló bá mi gùn ún. Ago mẹ́wàá, 11 amp. Ago kan, 12. Ago mẹ́ta àbọ̀, páńẹ́lì kan 5, ìkejì 0.3, a tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta, 0.3 náà ni. Bátìrì ò kọjá 26.1 látàárọ̀. Ẹ̀yìn páńẹ́lì: Vmp 32.2, Voc 39.5. Wáyà jẹ́ 4mm, ogún mítà ó lé díẹ̀. Omi ti fà nínú ihò méjì, mo ti bù sí i. Ẹ̀ka máńgòrò bàbá ilé kejì ló ń da òjìji sí igun páńẹ́lì ìkejì yẹn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àmọ́ igun lásán ni, kò tó ìdámẹ́rin ẹ̀.

Bàbá Wáyà:
A ti mú olè, mẹ́ta sì ni wọ́n.

Ooru lẹni àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni páńẹ́lì ń jẹ, ooru ẹ̀ ọ̀tá ló jẹ́ fún un. 32 fólítì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ yẹn, nígbà tí ara ẹ̀ wà ní digíríì 25 ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Lórí páànù yín lọ́sàn-án ó lè wọ 65, bó sì ṣe ń gbóná sí i ni fólítì ẹ̀ ń yọ̀ dànù, títí táá fi ku nǹkan bíi 28, bẹ́ẹ̀ bátìrì olómi 24 ń fẹ́ nǹkan bíi 28.8 kó tó yó. Oṣù Kejìlá tẹ́ ẹ gbé e, ọyẹ́ ń fẹ́, ara páńẹ́lì tutù, ẹ ò lè mọ̀.

Wáyà lẹnì kejì: ogún mítà àlọ, ogún mítà àbọ̀, tí amp 17 tó yẹ kẹ́ ẹ rí lọ́sàn-án bá fi gba inú 4mm, bíi fólítì mẹ́ta á ti run sójú ọ̀nà. Kọntírólà búlúù yẹn, PWM ni, kò ní ọgbọ́n kankan, ṣe ló kàn so páńẹ́lì mọ́ bátìrì bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi.

Máńgòrò yẹn ló tiẹ̀ burú jù. Inú páńẹ́lì pín sọ́nà mẹ́ta, tí òjìji bá bo igun kan, dáyódù, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń la ọ̀nà míì fún iná, á fo apá yẹn kọjá, 32 á di 21. Báwo ni 21 ṣe fẹ́ ta iná sínú bátìrì tó wà ní 26? Ìdí ẹ̀ nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí 0.3. Igun lásán tẹ́ ẹ ń wí yẹn ló gba odidi páńẹ́lì lọ́wọ́ yín.

Ẹ gé ẹ̀ka yẹn. Ẹ ra MPPT, ìyẹn kọntírólà ọlọ́gbọ́n tó ń sọ fólítì tó pọ̀ ju ti bátìrì lọ di amp, èyí tó ń gba 100 fólítì, amp 30 tàbí 40, àmọ́ ẹ gbé e lọ́wọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọjà kún fún PWM tí wọ́n kọ MPPT sí lára, èyí tó bá fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n so páńẹ́lì méjèèjì ní series, kí pupa ọ̀kan wọnú dúdú ìkejì. Fólítì á di 64, amp ò ní ju 9 lọ, ohun tí wáyà ń jẹ á di ìdámẹ́rin. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni kí wọ́n ṣe é. Páńẹ́lì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ lára kọntírólà kí wọ́n tó yọ bátìrì, tí wọ́n bá ń dá a padà kí bátìrì ṣáájú. Kẹ́nikẹ́ni má fa ẹnu wáyà páńẹ́lì yọ nígbà tí iná ń gba inú ẹ̀ kọjá, iná tó máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ kì í tètè kú bíi ti inú ilé.

Àkàndé Ọ̀yọ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti panu mọ́. Kí n kàn fi tèmi kún un: ẹni tó ṣe tèmi kọjú páńẹ́lì mi sí àríwá torí apá ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gùn. Tẹ́ ẹ bá kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù, apá ibẹ̀ ni kó dojú kọ, kó dagun bíi digíríì 10 sí 15 kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Tí ọyẹ́ bá ti bu eruku lé e, ìdájí ni kẹ́ ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ má da omi tútù lé e lórí lọ́sàn-án kí gíláàsì ẹ̀ má lọ sán.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé! Bàbá tó ni máńgòrò ní kí n dúró kí èso orí ẹ̀ pọ́n ná, ni mo bá ra gbogbo èso ẹ̀ka yẹn láìpọ́n, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi iyọ̀ jẹ ẹ́ látàná. A ti gbé MPPT síbẹ̀, a ti so ó ní series. Lánàá, ago mẹ́ta ku díẹ̀, bátìrì wọ 28.7, mo ya fọ́tò ẹ̀! Ínfátà ò ké títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù lágo mẹ́wàá. Oníkọ̀ǹpútà kan nítòsí wá ń ta páńẹ́lì irú èyí, ọ̀kan péré ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé kí n fi ṣe ìkẹta wọn?

Bàbá Wáyà:
Ẹ kú oríire. 600 watt kéré fún bátìrì yẹn lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, tí òjò bá ṣú fún ọjọ́ méjì ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ẹ má so ìkẹta mọ́ wọn o! 39.5 lọ́nà mẹ́ta ti lé ní 118, 100 ni kọntírólà yín ń gbà, àárọ̀ ọjọ́ kan péré ló máa fi jóná. Méjì ni kẹ́ ẹ rà, kí wọ́n so àwọn náà ní series, kí wọ́n wá pa ìpín méjèèjì pọ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Tí ò bá sí méjì lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa tà á fẹ́lòmíì. Kí sì lẹ ra máńgòrò yẹn?

Ìyá Ìbejì Aránṣọ:
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó ní ti ọ̀rẹ́ ló ṣe fún mi.