Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ erè mi ò fi jẹun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ka ìtàn tí ẹ kọ nípa ejò tí ẹ ń sìn nílé tán, ó yá kí n sọ tèmi náà. Manchester ni mò ń gbé, oṣù kẹwàá tó kọjá ni mo ra ọmọ erè kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sìn wọ́n, ejò tí wọ́n ń pè ní royal python níbí. Nígbà tí mo gbé e lé síkéèlì ìdáná, gírámù 70 péré ni. Mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́.

Inú mi dùn débi pé mi ò lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo gbé e sọ́wọ́, mo gbé e han ìyàwó mi, mo ya fótò, ilẹ̀ mọ́ mo tún gbé e, gbogbo ìgbà yẹn ló ká jọ bí òṣùká tó fi orí pamọ́ sáàárín, èmi rò pé ó ń sinmi ni, àṣé ẹ̀rù ló ń bà á. Torí kíká yẹn làwọn ará Amẹ́ríkà ṣe so bọ́ọ̀lù mọ́ orúkọ ẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo yọ èkúté kékeré kan nínú fíríìsà, ó yọ́ dáadáa, mo fi ẹ̀mú nà án sí i, ó yíjú kúrò. Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún kọ̀. Nígbà kẹta ó ta mọ́ ẹ̀mú, kì í ṣe ti ebi o, ó ń lé mi ni. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń sọ lọ́kàn pé mo ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní ihò ìsápamọ́ mélòó ló wà nínú àpótí gíláàsì ẹ̀? Mo ní ẹyọ kan, ó tóbi dáadáa. Ó ní títóbi yẹn gan-an ló burú. Ẹranko ilẹ̀ wa ni ẹ̀yin ará, láti Gánà, Tógò, Benin dé Nàìjíríà, inú ihò eku àti inú ọ̀gán ló ń sá sí lọ́sàn-án, ibi tó há ni ọkàn ẹ̀ ti ń balẹ̀. Mo wá wo ìgbóná, dígírì 27 ni níbi tó yẹ kó wà ní bíi 32, wáyà thermostat, ẹ̀rọ tó ń darí ìgbóná, ti yẹ̀ kúrò ní àyè ẹ̀ tí mi ò mọ̀.

Mo ra ihò kéékèèké méjì tó fún un mọ́ra, ọ̀kan níbi tó gbóná, ọ̀kan níbi tó tutù, mo fi pépà dúdú bo gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́wàá, omi nìkan ni mò ń pààrọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kẹwàá, bí aago mọ́kànlá, mo rí orí ẹ̀ lẹ́nu ihò, ó ń yọ ahọ́n. Mo sáré fi omi gbóná mú kí èkúté náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, torí àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ètè Àdùkẹ́ ló fi ń mọ ohun tó gbóná nínú òkùnkùn. Fíìì! Ó ti gbá a mú, ó ti wé mọ́ ọn. Mo fọwọ́ bo ẹnu kí n má baà pariwo.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹun kí n tó tún gbé e. Mi ò na ọwọ́ sí i látòkè mọ́, torí òkè ni àwòdì ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà, mo fọwọ́ gbé ikùn ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ká jọ, ó wá ń tú díẹ̀díẹ̀, ó gba ọrùn ọwọ́ mi kọjá, ahọ́n ẹ̀ fúyẹ́ lára mi bí ìyẹ́ adìẹ.

Màmá mi rí i lórí fóònù, wọ́n figbe ta, "Mọ́namọ́na lo gbé wọlé?" Mo sọ fún wọn pé ní Ouidah, ìlú kan ní Benin, tó bá wọlé ẹni, ṣe ni wọ́n ń rọra gbé e padà sí ilé òrìṣà ẹ̀. Wọn ò dáhùn. Àmọ́ ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Sunday tí mo bá pè wọ́n, "ṣé ó ti jẹun?" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí.

Lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ o, ojú ẹ̀ ti ṣú bàìbàì, ó fẹ́ bọ́ awọ. Mo ti fi omi sí i, mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa.