Ọmọ mi ka nọ́ńbà mẹ́fà fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ?

Ìyá Àyọ̀, Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó.

Sátidé tó kọjá, mò ń din dòdò, Àyọ̀, ọmọ ọdún 7, ń fi fóònù mi ṣe géèmù ní pálọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka nọ́ńbà sókè, mo rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Àṣé ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù ló ní òun máa fún un ní dáyámọ́ǹdì ọ̀fẹ́. Ó gba nọ́ńbà fóònù mi lẹ́nu rẹ̀, ó tún ní kó ka kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kí n tó yí dòdò padà, WhatsApp mi ti bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Àbúrò ọkọ mi ti fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí “mi”.

Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, “Mọ́mì, ṣebí ẹ ní kí n máa dá àgbà lóhùn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ta ni ẹ́, ibo nilé yín, kí ni dádì ẹ ń ṣe: àwa náà la kọ́ ọ kó máa dáhùn. Mi ò fẹ́ kó di aláìlẹ́kọ̀ọ́, mi ò sì fẹ́ kó máa sá fún èèyàn.

Bàbá Ìbejì
Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ó parí.

Ìyá Tóbi
Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wa lọ gba iṣẹ́ àṣetiléwá wá? Orí WhatsApp ni tíṣà ń fi tiwa sí.

Bọ̀dá Onífóònù
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọ WhatsApp. Kóòdù tuntun máa wọlé sórí síìmù yín. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, tiwọn á já. Bí wọ́n bá ti fi PIN sí i, ẹ lè dúró ọjọ́ 7, àmọ́ àwọn náà ò ní lè lò ó. Tó bá ti ṣí, ẹ lọ sí Two-step verification ní Settings, kẹ́ ẹ fi PIN tiyín sí i. Ẹ sì má jẹ́ kí mẹ́sééjì máa hàn lójú fóònù tó wà ní títì.

Ìyá Àgbà Òṣogbo
Ọmọ mi, pa àlọ́ Ajá àti Ìjàpá fún un. Nígbà ìyàn, Ajá fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sókè ọ̀run, orin ló fi ń ké sí i kó ta okùn wálẹ̀. Ìjàpá fetí kọ́ orin náà, ó lọ kọ ọ́, okùn sì wálẹ̀ fún un. Mo bi ọmọ ọmọ mi pé kí ni Ìjàpá jí. Ó ní orin. Mo ní nọ́ńbà mọ́mì ẹ, ilé ìwé ẹ, àdúgbò yín, ọjọ́ ìbí ẹ, orin ni gbogbo wọn. Ó ronú títí, ó ní, “Kí ló dé tí ìyá Ajá ò béèrè pé ta nìyẹn?” Ó ti tó ọdún 40 tí mo ti ń pa àlọ́ yẹn, mi ò ro ìyẹn rí.

Ní ti àgbà, kọ́ ọ kó máa sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi mọ́mì mi.” Ó ti dáhùn nìyẹn, kò rí ẹnikẹ́ni fín.

Ìyá Tóbi
Àwa gan-an ńkọ́? Lọ́jọ́ ìbí Tóbi, mo gbé e sí Facebook: orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ orí, báàjì ilé ìwé láyà yúnífọ́ọ̀mù. Kí ló kù tí ọmọ fẹ́ sọ? Ilé ìwé náà tún gbé fọ́tò rẹ̀ síta láì bi mí. Mo lọ bá wọn pé òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ní òbí ló ń fọwọ́ sí irú ẹ̀ fún ọmọdé. Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Àyọ̀, Ìbàdàn
Ẹ ṣé o, WhatsApp ti padà. A fi ọ̀rọ̀ kan ṣe orin ilé wa, a sì ń fi ṣeré lálaalẹ́: èmi ni Ìjàpá, òun ni ìyá Ajá. Wàhálà kan ló kù. Lánàá, ìyá ọkọ mi fi láìnì tuntun pè, Àyọ̀ gbé e: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ orin.” Mò ń wá ẹni tó máa bá mi bẹ Màmá.

Bàbá Ìbejì
Kí ni orin ọ̀hún gan-an?

Ìyá Àyọ̀, Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi mọ́mì mi.