Kókó ọ̀rá ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ

Ọ̀kan nínú àwa tó ń wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìṣègùn dábàá pé kí a máa pe lipoma inú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ọ̀rá tó ṣù jọ síbẹ̀, ní "jẹjẹrẹ ọ̀rá", kí a sì máa pe ìtọ́jú rẹ̀ ní "gígé ẹ̀dọ̀fóró". Mo kí wọn kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, a ti pe ajá lọ́bọ.

Ohun tó ń jẹ ara lọ là ń pè ní jẹjẹrẹ. Lipoma kì í jẹ nǹkan kan. Ọ̀rá lásán ni, irú èyí tó wà lábẹ́ awọ gbogbo wa, tó ṣù jọ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀ka ọ̀nà èémí. Aburú rẹ̀ ni pé ó ń dí ọ̀nà: aláìsàn á máa wúkọ́, èémí rẹ̀ á máa súfèé bíi ti alásímà, òtútù àyà á sì máa padà wá síbi kan náà. Bí a bá wá ná "jẹjẹrẹ ọ̀rá" tán sórí èyí, kí la ó pe liposarcoma, tó jẹ́ jẹjẹrẹ ọ̀rá gan-an? "Kókó ọ̀rá" ni mo fara mọ́. Kókó là ń pè é lára igi, kókó náà ni lára ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló tún gba àròjinlẹ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníṣègùn á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí gba ẹnu wọlé, á fi wáyà kọ́ kókó náà lọ́rùn, á fi iná mànàmáná sí wáyà náà, kókó á já, wọn á sì fà á jáde. "Yíyọ" nìyẹn. Àfi bí apá tó wà lẹ́yìn ìdènà bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tàbí tí kò dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, ni wọ́n ń la àyà. Nígbà náà pàápàá, "gígé ìpín ẹ̀dọ̀fóró" ló yẹ ká sọ, nítorí ìpín 3 ló wà lápá ọ̀tún, 2 lápá òsì, ọ̀kan ni wọ́n sì sábà ń gé. Ẹni tó bá gbọ́ "gígé ẹ̀dọ̀fóró" á rò pé odindi ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí èyí: ṣé yíyọ tí abẹ kankan kò kàn ṣì ń jẹ́ "iṣẹ́ abẹ"?