Bí bípí àti ṣúgà ẹni bá dáa, ṣé sísanra ṣì lè ṣe nǹkan fún ọkàn?

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ mọ́mì mi ló gbé mi wá. Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, tí wọ́n bá ti jókòó láàárọ̀ ó di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá délé láfún ńlá ni, nígbà míì aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni wọ́n ti ń sanra sí i. Mo mú wọn lọ ṣe test lóṣù tó kọjá, bípí 128/82, ṣúgà kí wọ́n tó jẹun 108, wọ́n ní ṣé mo rí i, ara àwọn le, ara ìgbádùn ni. Àmọ́ wọ́n ń hanrun gan-an lóru, nígbà míì èémí wọn á dá wáí kó tó padà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí wàhálà?

Nọ́ọ̀sì Àdátán:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. 108 yẹn ò dáa tó o. Kó má tó 100 la ń fẹ́ kéèyàn tó jẹun, tó bá di 126 tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn, àárín méjèèjì ni màmá wà. Ọ̀rá tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká nínú ikùn ló sábà máa ń fa èyí, ara ò ní gbọ́ ti insulin (èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà ẹ̀jẹ̀) dáadáa mọ́, ara á wá máa pèsè insulin kún insulin, fún ọdún púpọ̀ test á ṣì dà bí ẹni pé ó dáa, ìgbà tí ibi tó ń pèsè é bá rẹ̀ ni ṣúgà máa fò sókè. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ikùn wọn, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Tó bá ju ínṣì 35 lọ fún obìnrin, 40 fún ọkùnrin, ó ti léwu. Èémí tó ń dá yẹn náà, ẹ sọ fún dókítà, ó máa ń gbé bípí sókè lóru ó sì ń da ọkàn láàmú.

Bàbá Ìbejì:
Mo wọn kílò 124 nígbà tí mò ń wa takisí ní Kútọ̀, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Ó dìgbà tí mo di ẹni ọdún 49 kí ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta. Dókítà ní ara ńlá yẹn ni ọkàn mi ti ń fa ẹ̀jẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí, ògiri rẹ̀ ti nípọn, kò lè dẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Mo ti wà ní 109 báyìí, mò ń loògùn, ìrọ̀rí kan ni mo fi ń sùn. Ẹ má jẹ́ kí màmá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú, mo bẹ̀ yín.

Ìyá Ọlọ́fàdà:
Ẹ má sọ pé kí wọ́n má jẹ láfún mọ́ o, wọn ò ní gbà. Ẹ dín òkèlè kù, kí ewédú àti ẹ̀fọ́ pọ̀, kí wọ́n jẹun kílẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n máa rìn lálẹ́, 30 mínìtì, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ń fọ ikùn, ẹ má rà á, omi ara lásán ló ń lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdátán:
Òótọ́ ni Ìyá Ọlọ́fàdà sọ. Ẹni tó wọn 100, tó bá já kílò 5 sí 10 péré, bípí àti ṣúgà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ ṣé gan-an. Mo wọ̀n ọ́n lálẹ́ àná, ínṣì 43. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì sí wọn létí, wọn ò sọ̀rọ̀ títí mo fi ń palẹ̀ mọ́, ìgbà tó yá wọ́n ní ọjọ́ wo la máa lọ. Ọjọ́ Ajé la ń lọ rí dókítà.